Ìwé Tí Adájọ́ Tẹ̀ Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọjọ́ tí Ọmọ́lẹ́yẹ kọ́kọ́ fojú kan Ignatius, olè ló pè é.

Oṣù kìíní ọdún 1999 ni. Ọmọ́lẹ́yẹ dé ọ́fíìsì wọn lọ́nà Ìyere, nílùú Ọ̀wọ̀, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, ó bá ọkùnrin gíga kan tó ti tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ńlá inú kọ̀rọ̀, tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá.

“Olè! Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?”

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ yọwọ́. “Ẹ káàárọ̀, Mà. Ọ̀gá Akínwọlé ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní kí n gbọn eruku inú rẹ̀ kí ẹ tó dé. Èmi ni òṣìṣẹ́ tuntun, Ignatius Ọlámúyìwá, láti Ìmeri.”

“Ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ dà?”

Ignatius nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fà á jáde lápò. Ọmọ́lẹ́yẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá gbé e sókè sí fèrèsé bóyá yóò rí ibi tí wọ́n ti ha nǹkan rẹ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan níbẹ̀, ẹ sọ fún èmi náà.”

Kì í ṣe pé inú Ọmọ́lẹ́yẹ burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ ló sì dá a tọ́. Bàbá Adéyẹyè yìí ti ṣe akọ̀wé ìjọba fún ọdún márùndínlógójì, ohun tó sì rí nídìí fáìlì kò jẹ́ kó gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Tí ènìyàn bá kí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, yóò béèrè ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Orin tí àwọn ọmọ mìíràn fi ń sùn kọ́ ni Ọmọ́lẹ́yẹ fi sùn. “Páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn,” èyí ni bàbá rẹ̀ máa ń wí tó bá ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì náà gba ìfura pẹ̀lú. Àwọn ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwòsàn aládàáni mẹ́fà ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè Ọ̀sẹ́ fi ń tọ́jú orúkọ aláìsàn. Jìnnìjìnnì ọdún 2000 sì ti mú gbogbo wọn, nítorí ètò àtijọ́ náà kò mọ̀ ju nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ọdún lọ. Tí 99 bá parí, yóò rò pé ayé ti padà sí 1900, yóò sì máa ka ọmọ àná sí òkú. Ènìyàn mẹ́ta ló ń tún un kọ: Ọmọ́lẹ́yẹ tó jẹ́ olórí wọn, Rùfáì, àti Ignatius tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Tẹ́lẹ̀, oníkálukú á kọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó di ìparí oṣù kí wọ́n tó so ó pọ̀, ọjọ́ yẹn sì ni ọjọ́ ìjà, torí tẹni yìí kì í bá tẹni yẹn mu. Ọmọ́lẹ́yẹ ló fòpin sí i. Ó ṣètò kọ̀ǹpútà inú kọ̀rọ̀ náà pé ẹnikẹ́ni tó bá parí nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ, kó ki dísìkì rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà á so ó pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, á dán gbogbo rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì tẹ ìwé jáde: ó dára, tàbí kò dára, àti orúkọ ẹni tó bà á jẹ́. Rùfáì ló sọ ọ́ ní Adájọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, orúkọ Ignatius ni Adájọ́ ń tẹ̀ ṣáá. Ọkùnrin náà á gba ìwé, á ní, “Adájọ́, o kú iṣẹ́,” á sì padà sídìí tirẹ̀ lọ tún un ṣe. Ọmọ́lẹ́yẹ ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Kò tíì rí ọkùnrin tí wọ́n dá lẹ́bi tí kò bínú rí.

Ọjọ́ kan lóṣù kejì, orúkọ Ọmọ́lẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ni Adájọ́ tẹ̀. Kò sí níbẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ignatius ká ìwé náà, ó tì í bàpò. Ìgbà tí wọ́n ń ṣíwọ́ ló nà án sí i.

“Mo rò pé ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i, kí Ọ̀gá tó rí i.”

“Kí lẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?” ni Ọmọ́lẹ́yẹ bi í.

“Ẹ jẹ́ kí n sìn yín dé oríta.”

Ó sìn ín dé oríta. Lọ́jọ́ kejì, ó sìn ín kọjá oríta. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, ó ti ń sìn ín dé ẹnu géètì, “ẹ̀yin” ti di “ìwọ” láàárín wọn, “Lẹ́yẹ mi” ló sì ń pè é. Ọmọ́lẹ́yẹ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Tó bá ti dùbúlẹ̀, á máa wá ibi tí ìfẹ́ náà ti ń jò.

Bàbá Adéyẹyè bá a wá a.

“Ìmeri? Ṣé ọkùnrin tán l'Ọ̀ghọ̀ tiwa níbí ni?”

“Bàbá, ọmọlúàbí ni.”

“Ìjọ Páàdì ló ń lọ, èyí kò burú, Ọlọ́run kan náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìdí kọ̀ǹpútà aládàáni! Pẹ́ńṣọ̀nù ńbẹ nínú rẹ̀?” Bàbá gbọn orí. “Ọkùnrin tí kò ní pẹ́ńṣọ̀nù, ó ní ibi tó ń lọ ni. Máa fojú sí i lára.”

Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù keje, ó gbà kí wọ́n wá. Sátidé kẹta nínú oṣù kẹjọ ni wọ́n dá, pé kí àwọn ará Ìmeri wá fi ojú han ìdílé Adéyẹyè. Àǹtí Margaret, àbúrò Bàbá, ló ń ṣètò oúnjẹ.

Àsìkò yìí gan-an ni Ignatius bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Àkúrẹ́.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun lọ kí ará ilé. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà kẹta ni Monica, ọ̀rẹ́ Ọmọ́lẹ́yẹ, bá a pàdé ní gáréèjì Àkúrẹ́, ó wọ kóòtù, ó di àpòòwé kan mọ́ abíyá.

“Mo kí i, ó fò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́,” ni Monica wí. “Mi ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ.”

Ọmọ́lẹ́yẹ bi í. Ignatius di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Olólùfẹ́ mi, fún mi ní oṣù kan. Tó bá bọ́ sí i, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Tí kò bá bọ́ sí i, ìtìjú mi ni, jẹ́ kí n dá a jẹ.”

Ọmọ́lẹ́yẹ ní ó dáa. Kò dáa rárá nínú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gá Akínwọlé dé pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ní Àkúrẹ́ ti ń gbé ètò kan káàkiri ilé-ìwòsàn, wọ́n ní ọdún 2000 kò lè mú un, ó sì jọ tàwọn gan-an.

“Níbo ni wọ́n ti rí i?” ni Ọ̀gá ń béèrè. Ọmọ́lẹ́yẹ wo Ignatius. Ignatius ń wo pátákó ìtẹ̀wé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni iṣẹ́ Rùfáì ṣe àṣìṣe nígbà tí Adájọ́ ń dán an wò, tó sì pa ìdajì ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó o padà. Ọmọ́lẹ́yẹ ní irú rẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó kọ́ yàrá kan sínú kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe yàrá bíríkì o, òfin ló fi mọ ọ́n. Ohunkóhun tí Adájọ́ bá ń dán wò, inú yàrá yìí ni yóò há mọ́. Ohun tí Ọmọ́lẹ́yẹ bá kó sí i níbẹ̀ nìkan ni yóò rí, kò ní mọ̀ pé ilé kan tún wà lẹ́yìn ògiri. Tó bá ya wèrè, yàrá tirẹ̀ ni yóò túká. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọmọ́lẹ́yẹ fi ṣa gbogbo ẹrù tí yàrá náà máa lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó ń di àpótí fún ọmọ tó ń lọ gbé nílé-ìwé.

Ó tún pa àṣẹ méjì. Èkíní, tí wọ́n bá gbé ohunkóhun jáde nínú yàrá, kí yàrá náà tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Èkejì, ní aago kan ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ da gbogbo iṣẹ́ kọ, kó gbé ẹ̀dà náà sínú àpótí kan lẹ́yìn yàrá, nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ọjọ́bọ̀ ló parí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti Ọ̀gá lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní Ìpelè látàárọ̀ títí dalẹ́. Rùfáì ṣíwọ́ ní aago mọ́kànlá àbọ̀, ó lọ wẹ̀ fún Jímọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọmọ́lẹ́yẹ ló kọ́kọ́ dé. Ìwé ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó fà á ya.

“Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán: a gbé ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ jáde.”

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ó wá ẹ̀dà tirẹ̀, èyí tí òun pàṣẹ fún aago kan. Kò rí i nínú ìwé náà.

Ignatius wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. “Lẹ́yẹ mi, o jí ire?”

“Mo jí ire. Nígbà wo ni NEPA múná lọ lọ́jọ́ Ẹtì?”

“Bí aago kan. Mo ń múra àtilọ jẹun ni.”

“Ìwọ nìkan lo wà níbí títí di ìgbà yẹn?”

“Èmi nìkan ni. Kí ló dé?”

“Kò sí.”

Kò sí! Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe lè ba nǹkan ńlá jẹ́. Ká ní ó na ìwé náà sí ọkùnrin yìí, kó ní, “Ignatius, kí lèyí?” Ṣùgbọ́n ọkàn tó ti fura kì í wá àlàyé, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń wá. Ọmọ́lẹ́yẹ ti rò ó parí: aago méjìlá ni ẹnìkan da iṣẹ́ kọ, iná lọ ní aago kan, ẹ̀dà tòun ò ráyè jáde, ẹnìkan ṣoṣo ló wà nílé, ẹni náà ń lọ sí Àkúrẹ́, iṣẹ́ wọn ti dé Àkúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó nù ún nù, ó mú ìwé náà lọ bá Ọ̀gá.

Rùfáì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yọjú wo ìwé náà. “Ẹ ti bi í?”

“Ìwé náà ti sọ̀rọ̀.”

“Àǹtí, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.”

“Kọjá lọ́nà fún mi.”

Ọ̀gá Akínwọlé pe Ignatius. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Ignatius kà á, ojú rẹ̀ dàrú.

“Èmi kọ́, Sà.”

“Ta ni nígbà náà? Ìwọ nìkan lo wà níbí.”

“Mi ò mọ̀, Sà. Èmi kọ́.”

“Kí lo ń lọ ṣe ní Àkúrẹ́?”

Ignatius ti ìwé náà sẹ́yìn. Ó yíjú sí Ọmọ́lẹ́yẹ tó dúró ti ògiri. “Ìwọ lo mú ìwé yìí wá?”

“Èmi ni.”

“O rí mi láàárọ̀ yìí. O bi mí nípa iná. O ò bi mí nípa èyí.”

“Ignatius, Adájọ́ kì í purọ́.”

“Mo ní o ò bi mí.”

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì kúrò nínú tirẹ̀, ó gbé e sórí ìwé náà, ó jáde. Ọmọ́lẹ́yẹ ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí tó fi dé ojú ọ̀nà ọlọ́dà. Ó ń dùn ún, ó sì tún ń bínú sí ara rẹ̀ pé ó ń dun òun.

Bàbá Adéyẹyè ò yọ̀, kó má ba à dà bí ẹni tó ń yọ̀. “Ìfura loògùn àgbà,” ló wí, ó sì rán Àǹtí Margaret sí Ìmeri lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́ ní Sátidé. Àǹtí padà dé pẹ̀lú ẹnu wúwo. Ó ní ìyá ọmọ náà kò bú òun, kò sì sunkún. Ó ní kí òun mu omi, ó sì sìn òun dé ìdí mọ́tò.

“Ọmọ náà ńkọ́?” ni Ọmọ́lẹ́yẹ béèrè.

“Ó wà lóko. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Sátidé náà wá, ó sì lọ. Monica wá jókòó tì í. Ọmọ́lẹ́yẹ ò jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. NEPA ti múná lọ. Bàbá fi bátìrì sí rédíò, ó jókòó sí pálọ̀ kó lè gbọ́ ìròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ́lẹ́yẹ ń to ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Rédíò dún pí, pí, pí, ọkùnrin inú rẹ̀ wá sọ pé aago méjìlá ló lù, aago Gíríńwíìṣì.

Ọmọ́lẹ́yẹ gbójú sókè. Aago ara ògiri ń sọ pé aago kan.

“Bàbá, aago yìí yára?”

“Aago mi kì í yára. Aago méjìlá Gíríńwíìṣì ni aago kan tiwa, àbí ìwọ ò mọ̀? Wákàtí kan ni a fi ṣáájú rẹ̀.”

Ìbọ̀sẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà, aago Gíríńwíìṣì ló ń kà nínú ikùn rẹ̀. Ìwé kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé Nàìjíríà ni wọ́n wà, kó fi wákàtí kan kún un. Ọmọ́lẹ́yẹ rí i lọ́kàn bí ẹni ń wo fọ́tò: gbogbo ẹrù tó ṣà sínú yàrá lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kó ìwé yẹn sí i. Ẹni tó há sínú yàrá náà kò mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ lòún wà; aago kan wa, méjìlá ló tẹ̀ sínú ìwé.

Kò dúró wọ bàtà gidi. Sílípáàsì ló fi sáré dé ọ́fíìsì, ó tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣí àpótí ẹ̀yìn yàrá tí kò ṣí wò láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀dà náà wà níbẹ̀, odindi, kò lọ sí Àkúrẹ́, kò lọ sí ibì kankan. Aago ìta sì kọ sára rẹ̀: ọjọ́ Ẹtì, aago kan ọ̀sán géérégé. Àṣẹ tirẹ̀ ni ẹ̀rọ náà jẹ́. Iná lọ lẹ́yìn tí ó parí.

Olè kankan ò sí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ó ti ka ìròyìn, kò sì lọ fojú ba nǹkan kan. Ọmọ́lẹ́yẹ gbé orí lé tábìlì, ó sunkún títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó rò fún Ọ̀gá, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní òun náà ti rí ètò àwọn ará Àkúrẹ́ ní Sátidé. Bí ewúrẹ́ ṣe jọ àgùntàn ló ṣe jọ tàwọn, inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. “Pè é padà wá,” ló wí. “Èmi náà máa bẹ̀ ẹ́.”

Bàbá rẹ̀ ló ṣòro.

“Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀.”

“Bàbá, a ò lè ránṣẹ́. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, èmi ni mo máa lọ.”

“Kí ọmọ mi lọ kúnlẹ̀ níwájú àna tí kò tíì san owó orí? Wọn ò ṣe é nílé yìí rí.”

“A ò pe ẹni tí kò jalè lólè nílé yìí rí, Bàbá, kó tó kàn mí.”

Bàbá yà lọ́nà fún un.

Mọ́tò ni Ọmọ́lẹ́yẹ wọ̀ dé Ìdoàní, ó wá gun ọ̀kadà lọ sí Ìmeri. Ìyá Ignatius ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ́lẹ́yẹ kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Obìnrin náà wò ó, kò dá iṣẹ́ dúró.

“Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ọmọ́lẹ́yẹ.”

“Èmi ni, Mà. Mo wá sọ pé ọmọ yín ò jalè. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe.”

“Mo mọ̀ pé kò jalè. Kò yẹ kó o gbé mọ́tò láti Ọ̀wọ̀ kó o tó sọ ìyẹn fún mi.”

Ignatius ti oko dé, àdá lọ́wọ́. Ó dúró lókèèrè. Ọmọ́lẹ́yẹ rò ó fún un lórí ìkúnlẹ̀: aago, yàrá, àpótí tí kò ṣí. Nígbà tó dé ibi aago, Ignatius fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ náà wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Dìde.”

“O dárí jì mí?”

“Mo ní dìde ná.”

“Jẹ́ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀ sí i,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ọmọ mi, bàbá rẹ ní iṣẹ́ ọmọ mi ò ní pẹ́ńṣọ̀nù. Ignatius kò sọ ohun tó ṣe sí i fún ọ, èmi á sọ ọ́. Ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ló ń lọ ṣe ní Àkúrẹ́, nítorí tìrẹ. Wọ́n ti gbà á. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni yóò wọlé.”

Ọmọ́lẹ́yẹ fọwọ́ bojú.

“Mi ò sọ ọ́ kó o lè sunkún. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Tí o bá fẹ́ ẹ, tí ìwé mìíràn bá jáde lọ́la, tó ní ọmọ mi ló ṣe é, ta ni wàá kọ́kọ́ lọ bá?”

Ahọ́n Ọmọ́lẹ́yẹ ti gbé èsì tó dùn sókè. Ó gbé e mì.

“Mi ò mọ̀, Mà. Tí mo bá ní òun ni, ó lè jẹ́ irọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa ṣọ́ ènìyàn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kọ́ ọ.”

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀. Ignatius ń fi ẹsẹ̀ gbá èèpo ẹ̀gẹ́ jọ.

“Ká ní ó bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú irọ́ ni, ǹ bá ní kó máa lọ,” ni Ignatius wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wá sún mọ́ ọn, ó fà á dìde. “Máa lọ sílé. Sọ fún bàbá rẹ pé Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó dé.”

Ó wà lẹ́nu Ọmọ́lẹ́yẹ kó béèrè pé, “Ṣé lóòótọ́?” Kò béèrè. Ó gun ọ̀kadà.

Sátidé pé. Àǹtí Margaret ti se oúnjẹ, àga ti wà nílẹ̀, àwọn àgbà ìdílé ti jókòó. Aago mẹ́wàá lù. Kò sẹ́ni tó dé. Mọ́kànlá lù. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

“Ó fẹ́ dójú tì wá ni,” ni Bàbá wí ní aago kan. “Ó fẹ́ san án padà. Mo ti mọ̀.”

“Wọ́n ń bọ̀, Bàbá.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Òun ni.”

“Lẹ́nu lásán?”

“Lẹ́nu, Sà.”

Monica mú un lọ sí yàrá. “Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n fi ọ̀kadà lọ sí gáréèjì lọ wò. Kí a kàn mọ̀.” Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Ọmọ́lẹ́yẹ láti kékeré dìde nínú rẹ̀, ó ń pariwo pé kó ránṣẹ́, kó wò, kó béèrè. Ó di etí ìbùsùn mú.

“Jókòó, Monica.”

Aago méjì lù. Aago mẹ́ta lù. Àgbà méjì gbọn agbádá, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Aago mẹ́ta kọjá dáadáa ni ìró mọ́tò wọ àgbàlá, tí Àǹtí Margaret fi igbe ta: “Wọ́n ti dé ulé o!”

Eruku bo wọn látòkè délẹ̀. Epo mọ́tò wà lára aṣọ àlà Ignatius, ìyá rẹ̀ ń tiro, iṣu tuntun tí wọ́n kó wá sì ti dá sí wẹ́wẹ́ nínú búùtù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Bàbá Adéyẹyè na ọwọ́ sí aago ògiri.

“Aago mẹ́wàá lẹ wí. Kí ló—”

“Bàbá.” Ọmọ́lẹ́yẹ ti jáde, ìyàwó tí kò yẹ kó yọjú kí wọ́n tó pè é. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ná, Sà.”

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó yí sí àwọn àlejò, ó sì fi ọwọ́ júwe àga fún wọn.

Ọmọ́lẹ́yẹ lọ bu omi. Ignatius tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó bí ẹni ń wá nǹkan lójú rẹ̀.

“O ò bi mí ohun tó dá wa dúró.”

“Mi ò bi ọ́.”

“Mọ́tò wa—”

“Mu omi ná,” ni Ọmọ́lẹ́yẹ wí, ó sì gbé ife náà fún un.